OWÓ FÀDÁKÀ ÀWỌN BÍṢỌ́Ọ̀BÙ ILẸ̀ JÁMÁNÌ NÍ AYÉ ÀTIJỌ́

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Bí a bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, igbá ọrẹ tí wọ́n ń gbé káàkiri ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ ìsinmi ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà jìn ju igbá ọrẹ lọ. Bíṣọ́ọ̀bù tí ó dúró níwájú pẹpẹ ní òwúrọ̀ ni ó ni ilé tí wọ́n ti ń rọ owó. Àwòrán rẹ̀ tàbí ti ẹni mímọ́ ìlú rẹ̀ ni ó wà lára owó náà, òun ni ó sì ń pàṣẹ ọjọ́ tí owó kan yóò kú tí òmíràn yóò gorí oyè. Owó fàdákà yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ: bí ó ṣe dé ọwọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ohun tí ó fi ojú mẹ̀kúnnù rí.

Ohun tí o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé bíṣọ́ọ̀bù ìgbà náà kì í ṣe àlùfáà lásán. Ó ní ilẹ̀, ó ní ìlú, ó ní ọmọ ogun, ó sì ń dájọ́. Bí a bá fi í wé ohun tí a mọ̀, ọba aládé ni, àfi pé fìlà bíṣọ́ọ̀bù ni ó dé dípò adé. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọba Jámánì nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti rọ owó. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe é láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ó wá dé tí ọba fi gbé irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àlùfáà? Ọgbọ́n ìjọba ni. Àwọn ìjòyè ńláńlá tí ọba fi ṣe olórí agbègbè a máa sọ oyè náà di ti ìdílé wọn. Bàbá yóò fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ yóò sì ṣọ̀tẹ̀ sí ọba. Bíṣọ́ọ̀bù ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ gbéyàwó, nítorí náà kò ní àrólé tí yóò jogún oyè rẹ̀. Bí ó bá kú, ọba a tún lọ́wọ́ nínú yíyan ẹlòmíràn. Bíṣọ́ọ̀bù sì tún mọ̀wé, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn jagunjagun. Otto Kìíní, tí a dé ládé olú-ọba ní Róòmù ní ọdún 962, mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Àbúrò rẹ̀, Bruno, ni ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Cologne ní 953.

Bí ọba bá fẹ́ ta wọ́n lọ́rẹ, nǹkan mẹ́ta ni ó sábà máa ń so pọ̀: ọjà, owó ibodè, àti owó rírọ. Má ṣe rò pé ó ṣèèṣì ni. Inú ọjà ni a ti ń ná owó, ẹni tí ó bá sì ń bọ̀ wá sí ọjà gbọ́dọ̀ gba ẹnu ibodè kọjá. Ẹni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ìlú mú. Ní 965 ni Otto fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìlú Magdeburg ta ilé àwọn mọ́ńkì Ẹni Mímọ́ Maurice lọ́rẹ. Nígbà tí Magdeburg di ibùjókòó bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní 968, ẹ̀tọ́ náà bọ́ sí ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Àwọn obìnrin pàápàá ní ìpín nínú rẹ̀. Ní Quedlinburg, ilé kan wà tí àwọn ọmọbìnrin ọlọ́lá ti ń sin Ọlọ́run, ìyá tí ó jẹ́ olórí ilé náà ni ó sì ń ṣàkóso ìlú. Ní 994 ni Ọba Otto Kẹta fún Mathilde, tí ó wà lórí oyè nígbà náà, ní ẹ̀tọ́ ọjà, ibodè àti owó rírọ. Ọmọ ìyá kan náà ni Mathilde àti bàbá ọba yìí. Ìwọ náà rí i pé ilé ni wọ́n ń pín in sí.

Nígbà tí ó fi máa di 1220, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní ọdún náà, Frederick Kejì kọ ìwé àdéhùn fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù pé òun kò ní í dá ibodè tàbí ilé ìrọwó tuntun sílẹ̀ ní ilẹ̀ wọn láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i. Ó wá di pé ọba ni ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tí àwọn ọba ìṣáájú ta lọ́rẹ.

Fàdákà kò wọ́n wọn. Òkè Rammelsberg, lẹ́bàá ìlú Goslar, ti ń mú fàdákà jáde láti ayé Otto Kìíní. Ní 1168 wọ́n tún rí òmíràn ní ibi tí a ń pè ní Freiberg.

Pfennig ni orúkọ owó náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni òun àti penny àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Charlemagne ni ó fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 793, ó ní láti inú fàdákà tí ó wọn pọ́n-ùn kan, 240 owó ni kí a máa rọ. Méjìlá nínú rẹ̀ ni ṣílè kan, ogún ṣílè sì ni pọ́n-ùn kan. Lákọ̀ọ́kọ́, pọ́n-ùn àti ṣílè kì í ṣe owó tí ènìyàn lè dì mọ́wọ́. Orúkọ ìṣirò lásán ni wọ́n, pfennig nìkan ni wọ́n ń rọ. Bí o bá bi àwọn àgbàlagbà ilé yín, wọn yóò sọ fún ọ pé ìṣirò yìí náà ni wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n ń ná tọ́rọ́ àti sísì, títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 tí náírà dé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó kó o wá fún wa, ṣùgbọ́n láti inú ìlànà Charlemagne ni àwọn náà ti mú un.

Láti nǹkan bí 1130 ni irú pfennig kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní àárín àti ìlà-oòrùn Jámánì tí ó yàtọ̀ pátápátá sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní bracteate, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì kan tí ó túmọ̀ sí irin pẹlẹbẹ tí ó fẹ́lẹ́. Àwọn tí ó ń ná an kò mọ orúkọ yìí; pfennig ni wọ́n ń pè é. Fojú inú wo ewé tí a fi fàdákà ṣe. Ó lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, síbẹ̀ kì í sábà wọn tó gíráàmù kan. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ àwòrán sí, ohun tí ó bá sì yọ síta níwájú ni ó wọnú lẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Oníṣẹ́ ọnà yóò kọ́kọ́ gbẹ́ àwòrán sí orí irin ní òdì, kí ó lè hàn dáadáa nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Èyí ni òǹtẹ̀. Alágbẹ̀dẹ yóò lu fàdákà títí yóò fi fẹ́lẹ́, yóò gé e róbótó, yóò sì tẹ́ ẹ sórí ohun tí ó rọ̀, bí awọ tàbí òjé. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé òǹtẹ̀ lé e, yóò sì fi òòlù lù ú. Òǹtẹ̀ méjì ni owó yòókù ń fẹ́, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ṣùgbọ́n fún èyí, ọ̀kan tó. Nítorí pé fàdákà náà fẹ́lẹ́, gbogbo ọnà tí ó wà lára òǹtẹ̀ ni ó máa ń jáde, títí dé ìṣẹ́po aṣọ àti irun orí.

Owó yìí lẹ́wà, àmọ́ kò lágbára. Bí o bá jù ú sí àpò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ó lè kán kí o tó délé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ohun tí kò tó pfennig kan a sì máa gé e sí méjì tàbí sí mẹ́rin, nítorí kò sí ẹ́pìnnì tàbí ọ̀nìní fún ọlọ́jà ìgbà náà.

Àwòrán tí ó wà lára wọn ni ó dùn mọ́ èmi jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀wé kà, nítorí náà àwòrán ni ó gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó ni owó. Ní Halberstadt, tí Stéfánù jẹ́ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi ń pe ìjọ wọn, wọ́n rọ owó tí a ti rí i níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lókùúta, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Ní Erfurt, tí ó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Mainz, Martin ẹni mímọ́ ni o máa rí, tí ó fi idà pín aṣọ ìlékè rẹ̀ sí méjì fún alágbe. Ní Quedlinburg, ìyá olórí fúnra rẹ̀ ni ó jókòó lórí àga, tí ó di ìwé mú. Agnes, ẹni tí ó wà lórí oyè náà láti 1184 sí 1203, wà nínú àwọn tí owó wọn ṣì wà nílẹ̀ títí di òní.

Ti Magdeburg ni kí o fi ọkàn sí. Maurice ni ó wà lára rẹ̀, jagunjagun tí ó di àsíá àti asà mú. Ìtàn sọ pé ilẹ̀ Íjíbítì ni ó ti wá. Ère rẹ̀ kan wà nínú kàtídírà Magdeburg tí wọ́n gbẹ́ láàrin nǹkan bí 1240 sí 1250. Aláwọ̀ dúdú ni, ojú rẹ̀ sì jẹ́ ojú ọmọ Áfíríkà tí kò ṣe é ṣì mọ̀. Àwọn òyìnbó Magdeburg ń fi orúkọ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ná owó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì rí ènìyàn dúdú rí.

Ìwọ yóò wá bi mí léèrè pé, kí ni ó dé tí wọ́n fi ṣe ohun tí ó lẹ́wà tó báyìí kí ó sì máa kán bí èèpo ẹyin? Ìdáhùn ni pé wọn kò ṣe é kí ó pẹ́.

Bíṣọ́ọ̀bù a máa kéde pé láti ọjọ́ báyìí, owó tí ó wà níta ti di ògbólógbòó. Kò sí ohun tí ó ṣe owó náà o. Fàdákà rẹ̀ kò dín, kò dípẹtà. Àṣẹ ni ó sọ ọ́ di ògbólógbòó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rajà ní ọjà ìlú náà gbọ́dọ̀ kó ti àtijọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń pààrọ̀ owó fún bíṣọ́ọ̀bù, kí ó sì gba tuntun. Méjìlá ni yóò kó lọ, mẹ́sàn-án ni yóò gbà bọ̀. Mẹ́ta tí ó kù di ti bíṣọ́ọ̀bù. Nínú ìlú púpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é. Ní Magdeburg, lábẹ́ Wichmann tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà láti 1152 sí 1192, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni.

Jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. (Nínú ìdánwò, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ta kókó báyìí ni kí o ti fún olùdánwò ní àpẹẹrẹ tí ó ní iye nínú, ó sàn ju kí o máa pariwo pé ìnira pọ̀.) Ká ní àgbẹ̀ kan ta ẹran ọ̀sìn rẹ̀, tí ó sì gba pfennig mẹ́rìnlélógún. Kò ná an, nítorí ó fẹ́ fi kún un kí ó fi ra ẹṣin ìtúlẹ̀. Ìkéde àkọ́kọ́ dé, ó lọ pààrọ̀, owó rẹ̀ di méjìdínlógún. Oṣù mẹ́fà kọjá, ìkéde kejì dé, owó rẹ̀ di mẹ́tàlá àti ààbọ̀. Láàrin ọdún kan, ó ti pàdánù owó mẹ́wàá àti ààbọ̀. Olè kò jà á, ilé rẹ̀ kò jó, kò ta tẹ́tẹ́. Ó kàn fi owó pamọ́ ni.

Ìdí nìyí tí owó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fi bá iṣẹ́ náà mu. Àwòrán rẹ̀ tóbi, nítorí náà ọlọ́jà tí kò mọ̀wé yóò mọ tuntun yàtọ̀ sí ògbólógbòó lẹ́sẹ̀kan náà. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń fẹ́, kò sì nira láti gbẹ́ òmíràn nígbà tí ọdún bá yí po. Kí a má purọ́ mọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ìnáwó: ogun, ilé ìjọsìn, odi ìlú. Kò sì sí òṣìṣẹ́ tí ó lè máa ti ojúlé dé ojúlé gba owó orí bíi ti òde òní; ẹnu ọjà ni ó rọrùn jù láti dúró sí. Àwọn kan tilẹ̀ wà lóde òní tí wọ́n ń yin ètò yìí, pé ó mú kí owó máa yí kiri nítorí kò sí ẹni tí yóò fẹ́ dì í mọ́wọ́. Èmi kò bá wọn gbà á. Oníṣòwò ńlá kò fi pfennig pamọ́. Fàdákà gbọọrọ tí wọ́n ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n ni ó ń tọ́jú, ìkéde bíṣọ́ọ̀bù kò sì mú un. Ẹni tí kò ní ju owó wẹ́wẹ́ lọ ni ó ń san gbèsè náà.

Ṣùgbọ́n ọmọ ìka kò dọ́gba. Ní Cologne, lẹ́bàá odò Rhine, bíṣọ́ọ̀bù àgbà gba ọ̀nà mìíràn. Pfennig tirẹ̀ nípọn, ojú méjèèjì ni wọ́n tẹ̀, ó wọn nǹkan bí gíráàmù 1.4, wọ́n sì kọ orúkọ ìlú sí i ní èdè Látìnì pé SANCTA COLONIA, èyí ni Cologne Mímọ́. Ìlú oníṣòwò ni Cologne. Ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ra aṣọ tàbí wáìnì kò ní í padà wá bí wọ́n bá ń já owó rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ kì í yẹ̀, wọ́n ń gba owó Cologne jìnnà sí ilé, àwọn ìlú mìíràn sì ń rọ owó tí ó jọ ọ́. Òṣùwọ̀n fàdákà wọn, tí a ń pè ní máàkì ti Cologne, tí ó tó nǹkan bí gíráàmù 234, ni òfin owó ti 1524 fi ṣe ìpìlẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ olú-ọba.

Àmọ́ ojú ni àwọn ará ìlú fi ń ṣọ́ ọ. Konrad von Hochstaden, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí ó fi ìpìlẹ̀ kàtídírà ńlá Cologne lélẹ̀ ní 1248, gbìyànjú láti yí owó padà fún èrè ara rẹ̀, ó sì ń gba owó ibodè tí àwọn ará ìlú ní kò tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ di ìjà. Ní 1252, wọ́n gbé e síwájú àwọn onílàjà, ọ̀kan nínú wọn sì ni Albertus Magnus, ọ̀mọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Yúróòpù. Ìdájọ́ wọn ni pé ìgbà méjì péré ni a lè rọ owó tuntun: nígbà tí a bá yan bíṣọ́ọ̀bù àgbà tuntun, tàbí nígbà tí ó bá bá ọba lọ sí ogun ní ìkọjá òkè Alps tí ó sì padà dé. Wò ó bí ìdájọ́ náà ti gún tó. Wọn kò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ Konrad, ọjọ́ tí yóò lò ó ni wọ́n kà fún un. Síbẹ̀ ìjà láàrin ìlú àti bíṣọ́ọ̀bù kò tán. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà 1288, ní Worringen, àwọn ará Cologne àti àwọn tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ ṣẹ́gun Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Siegfried, wọ́n sì mú un ní ìgbèkùn. Láti ìgbà náà ni agbára àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà nínú ìlú náà ti wọmi.

Àwọn ìlú mìíràn kò jagun. Wọ́n fi owó ra owó ni. Wọn yóò san iye kan fún olúwa wọn, ìbáà ṣe bíṣọ́ọ̀bù tàbí ìjòyè ológun, kí ó má baà pe owó padà mọ́. Pfennig ayérayé ni wọ́n ń pe irú owó bẹ́ẹ̀. Ìlú Berlin àti àwọn ìlú kan tí ó yí i ká wà lára àwọn tí ó rà á, ní 1369, lọ́wọ́ ìjòyè tí ń ṣàkóso Brandenburg. Ní àkókò yìí, owó fàdákà ńlá tí a ń pè ní groschen ti wọlé dé: wọ́n kọ́kọ́ rọ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1266, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ti Prague ní 1300. Pfennig fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè bá a dọ́gba, ó sì ń kéré sí i títí ẹwà rẹ̀ fi lọ.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù kò tìtorí èyí ṣíwọ́ owó rírọ. Nígbà tí Charles Kẹrin ṣe òfin ńlá ti 1356 tí ó yan àwọn afọbajẹ méje fún ilẹ̀ Jámánì, mẹ́ta nínú wọn ni bíṣọ́ọ̀bù àgbà, ti Mainz, ti Cologne àti ti Trier. Òfin náà sì fi ẹ̀tọ́ owó rírọ múlẹ̀ fún wọn. Ní 1386 àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìjòyè Palatine para pọ̀ kí owó wọn lè jẹ́ ọ̀kan náà lẹ́bàá odò Rhine. Ọdún 1803 ni wọ́n tó gba ìjọba kúrò lọ́wọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Jámánì, ti Quedlinburg pẹ̀lú. Orúkọ pfennig nìkan ni ó kù, òun náà sì kúrò ní ọjà nígbà tí owó euro dé ní 2002.

Bóyá ìwọ yóò máa rò ó pé báwo ni owó tí ó ń kán bẹ́ẹ̀ ṣe dé ọwọ́ wa. Èyí tí wọ́n kó lọ pààrọ̀, yíyọ́ ni wọ́n yọ́ ọ láti fi rọ òmíràn. Èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni ó kù. Ní 1860, ní abúlé Freckleben, wọ́n wú ìṣúra kan tí ó kún fún bracteate. Ti Magdeburg wà níbẹ̀, ti Halberstadt wà níbẹ̀, ti Quedlinburg náà kò gbẹ́yìn. Nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá ni ẹnì kan kó wọn pamọ́ síbẹ̀, tí kò sì padà wá kó wọn. Bí ó bá tilẹ̀ padà wá lẹ́yìn ọdún kan, tí ó sì gbé wọn lọ sí ọjà Magdeburg, mẹ́sàn-án ni wọn ì bá kà fún un lórí méjìlá.